Ṣé owó àsansílẹ̀ nìkan lè gbọ́ bùkátà ojú òpó ìròyìn bọ́ọ̀lù?

Adámásingbà76

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀. The Athletic, ojú òpó ìròyìn eré ìdárayá tó ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ òǹkàwé ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, ní èèyàn mílíọ̀nù kan tó ń sanwó fún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, síbẹ̀ àdánù ló ń jẹ. Defector, ojú òpó mìíràn bẹ́ẹ̀, parí ọdún àkọ́kọ́ pẹ̀lú nǹkan bí 40,000, ìyẹn ọ̀kẹ́ méjì péré, síbẹ̀ ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Báwo ni ìṣirò yẹn ṣe ń lọ? Bí akọ̀ròyìn márùn-ún bá fẹ́ máa kọ̀wé lórí líìgì wa níbí, NPFL, kí òǹkàwé máa san nǹkan lóṣooṣù, ṣé ó lè dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwúrí dá mi lóhùn. Iye owó ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìṣirò_Kì_í_Purọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbé ojú kúrò lára iye èèyàn, òun ló ń tan gbogbo wa jẹ.

Alex Mather àti Adam Hansmann, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Strava, ilé iṣẹ́ áàpù eré ìdárayá, ló dá The Athletic sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 2016. Ọgbọ́n wọn kò le: kí wọ́n gba akọ̀ròyìn tí ará ìlú kan ti mọ̀ bí ẹni mowó kúrò nínú ìwé ìròyìn ìlú náà, kí àwọn òǹkàwé sì tẹ̀ lé e bọ̀. Toronto ló tẹ̀ lé Chicago, wọ́n sì ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n wọ Ìlú Ọba, wọ́n kó àwọn akọ̀ròyìn wọ̀ǹtìwọnti. Akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù David Ornstein náà fi BBC sílẹ̀ bá wọn lọ́dún yẹn. Owó àwọn olùdókòwò ni wọ́n fi ń san gbogbo owó oṣù wọ̀nyẹn.

Nígbà tí New York Times fẹ́ rà á ní $550 mílíọ̀nù ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ìṣirò ọdún 2021 ti jáde: nǹkan bí $65 mílíọ̀nù wọlé, wọ́n sì jẹ àdánù $55 mílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n ná tó $120 mílíọ̀nù nìyẹn. Ẹ pín in fún mílíọ̀nù 1.2 tó ń sanwó ní òpin ọdún náà: ẹnì kọ̀ọ̀kan mú nǹkan bí $54 wá, wọ́n sì ná $100 lórí rẹ̀. (Iye òpin ọdún ni mo fi pín in, nítorí náà àwọn méjèèjì lè fi díẹ̀ ga ju báyìí lọ. Ohun tí wọ́n ná á ṣì ju ohun tó wọlé lọ.) Bẹ́ẹ̀ sì rèé, $9.99 lóṣù tàbí $59.99 lọ́dún ni iye tí wọ́n ń pe ọjà náà tẹ́lẹ̀. Tí ẹni tó ń san oṣooṣù bá san pé, $120 ló yẹ kó mú wá lọ́dún. Ẹ̀dínwó ló gbé ìyókù mì.

Ẹ wá wo Defector. Àwọn òṣìṣẹ́ Deadspin, ojú òpó eré ìdárayá kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ̀wé fipò sílẹ̀ lápapọ̀ ní ìparí 2019 ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2020. Àwọn fúnra wọn ló ni ín, kò sí olùdókòwò tó ń mí sí wọn lọ́rùn. Owó tó wọlé lọ́dún àkọ́kọ́ tó $3.2 mílíọ̀nù, àsansílẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ pín in fún 40,000: $80 lórí ẹnì kan. Ẹni kan ní Defector ń mú owó wá tó bí ẹni kan àti ààbọ̀ ní The Athletic, ogún akọ̀ròyìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló sì ń jẹ níbẹ̀, kì í ṣe irinwó.

Ewúro

Ìwọ Ìṣirò, apá kan ìtàn lo sọ. The Athletic ti jèrè. New York Times kéde pé ó mú èrè $2.6 mílíọ̀nù wá láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án ọdún 2024. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti kú.

Ìṣirò_Kì_í_Purọ́

Òótọ́ ni, ẹ ṣé tí ẹ rán mi létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú èrè yẹn wá. Wọ́n gbé ìpolówó wọ ojú òpó náà ní oṣù kẹsàn-án 2022, èyí tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ìròyìn, eré ọ̀rọ̀ àti ìlànà oúnjẹ Times nínú àsansílẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n dá akọ̀ròyìn bí ogún dúró ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n tún tú ẹ̀ka eré ìdárayá Times fúnra rẹ̀ ká lọ́dún náà kí iṣẹ́ méjì má bàa máa lọ lórí ohun kan. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni gbogbo ìyẹn gbà, lábẹ́ òrùlé ilé iṣẹ́ tó ti lówó lọ́wọ́. Àkọlé tí ẹ̀gbọ́n kọ sí òkè ni “owó àsansílẹ̀ nìkan”. Lórí “nìkan” yẹn, The Athletic kò tíì fi ẹ̀rí hàn wá.

Oníbodè

Gbogbo yín ń ka àwọn tó wọlé. Àwọn tó ń jáde ni kí ẹ kà. Ajere ni iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ń pọn omi sínú ajere gbọ́dọ̀ mọ ihò mélòó ló wà nídìí rẹ̀.

Bí 5 nínú 100 bá ń yọwọ́ lóṣooṣù, nínú 100 tó wọlé lónìí, 54 ló máa kù lẹ́yìn oṣù méjìlá. Bó bá jẹ́ 10, 28 ló kù. Bó bá jẹ́ 3, 69. Ẹ ríi pé láti 3 sí 10, ohun tó dà bí ìyàtọ̀ kékeré, ó ju ìlàjì òwò yín lọ.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: òrùlé wà. Ẹ mú iye ẹni tuntun tó ń wọlé lóṣù, ẹ pín in fún ìdá tó ń yọwọ́. Bí 100 tuntun bá ń wọlé lóṣooṣù, tí 5% sì ń jáde, 2,000 ni ẹ máa dé, ẹ ò ní kọjá ibẹ̀ láéláé, nítorí pé ní 2,000, 100 ló ń jáde lóṣù. Bó bá jẹ́ 8% ló ń jáde, 1,250 lòrùlé yín. Ọdún àkọ́kọ́ máa ń dùn torí pé ẹ ò tíì fi orí kan àjà. Ọ̀pọ̀ a gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ lásìkò yẹn gan-an, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Eré ìdárayá tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀lù ń parí ní oṣù karùn-ún. Ẹni tó ń san oṣooṣù máa ń wo fóònù rẹ̀ ní oṣù kẹfà, á ní kí ni mò ń sanwó fún, á sì yọwọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa ta ti ọdún kan nígbà tí sáà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Ẹni tó bá rà á ní oṣù kẹfà, ẹ fún un ní oṣù méjì ọ̀fẹ́ kí ọjọ́ tí yóò tún san lè bọ́ sí oṣù kẹjọ. Oṣù méjì yẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsanwó tó bá bọ́ sí àkókò tí kò sí bọ́ọ̀lù, ẹ ti pàdánù ìdajì wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀dínwó ńlá fún oṣù mẹ́fà? Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó wọlé ní ₦200, ₦200 ló gbà pé ọjà náà tó.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Ta ló fẹ́ san owó lórí NPFL gan-an? Ẹgbẹ́ a-kàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ ti kó kúrò nídìí tábìlì olùta-ìwé-ìròyìn, orí WhatsApp ni wọ́n wà báyìí.

Oníbodè

Àwọn tó ń dúró nídìí tábìlì ìwé ìròyìn yẹn, ṣé ẹ rántí ohun tí wọ́n ń kà? Ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀yìn. Àkọlé ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn lọ sílé ń wá inú rẹ̀. Ẹni tó ń ka àkọlé kò ní sanwó, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni yóò máa pariwo yín káàkiri.

Àkọsílẹ̀

Ibi tí Oníbodè fẹnu bà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n tú u sí wẹ́wẹ́.

Ìròyìn “ta ló gbá a wọlé, èwo ló lọ sí kílọ́ọ̀bù wo” kò ṣe é tà. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti dé orí X, ẹlòmíràn á tún un kọ, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé (copyright) kò sì dáàbò bo òkodoro ọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìkan ló dáàbò bò. Nítorí náà ẹ fi ìyẹn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ máa fi sẹ́yìn ibodè, ibi tí ẹni tó sanwó nìkan lè dé, ni ohun tí ẹnì kan kò lè fi gbólóhùn kan jí: ìwé ìnáwó kílọ́ọ̀bù, iye oṣù tí wọ́n jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù, bí olùkọ́ni ṣe yí ètò ẹ̀yìn padà lẹ́yìn ìsinmi àti ìdí rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn àti ẹni tó ń wò wọ́n láti òkè òkun.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ká fẹ́ bo gbogbo líìgì. Ẹgbẹ́ 20 ni NPFL ní. Akọ̀ròyìn márùn-ún lórí ẹgbẹ́ ogún, ẹyọ kan á máa bójú tó mẹ́rin, kò sì ní jinlẹ̀ níbì kankan. Olólùfẹ́ Shooting Stars kò ní sanwó torí pé ẹ kọ ohun kan nípa El-Kanemi. Ẹgbẹ́ kan ló fẹ́, ó sì fẹ́ ẹ dé mùdùnmúdùn. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ ara wọn: Shooting Stars ní Ìbàdàn, Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́ tó gba ife líìgì ní sáà 2024/25. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, 19 nínú rẹ̀ lẹ́yìn odi. Ọ̀nà Adámásingbà (pápá Shooting Stars) sí Ìkẹ́nnẹ́ kò tó nǹkan, akọ̀ròyìn kan lè lọ kó sì bọ̀ láàárọ̀ sí alẹ́. Ti Maiduguri àti Kano ni yóò gba owó ilé ìtura.

Adámásingbà76

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Àkọsílẹ̀. Ìṣirò dà?

Ìṣirò_Kì_í_Purọ́

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní iye tirẹ̀ fi rọ́pò. Akọ̀ròyìn márùn-ún ní ₦250,000, ó di ₦1,250,000. Olóòtú kan ₦400,000. Ọkọ̀ àti ilé ìtura ₦700,000. Ayàwòrán ₦350,000. Ojú òpó, ìméèlì àti dátà ₦150,000. Ẹ fi ₦150,000 sílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. ₦3,000,000 lóṣù nìyẹn.

Bí ẹ bá ń gba ₦1,500 lóṣù nípasẹ̀ Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí ayélujára, 1.5% ni wọ́n ń yọ, ₦22.50, ₦1,477.50 ló bọ́ sí yín lọ́wọ́. 3,000,000 pín fún 1,477.50, ó lé díẹ̀ ní 2,030 èèyàn. Kì í ṣe 2,030 tó ti wọlé rí o, 2,030 tó ń san lóṣù yìí. Pẹ̀lú 5% Oníbodè, ẹ nílò bíi 102 tuntun lóṣooṣù kí ẹ kàn lè dúró lójú kan. Bí 2 nínú 100 àwọn tó ń kà yín déédéé bá ń sanwó, ó túmọ̀ sí pé òǹkàwé déédéé yín ti gbọ́dọ̀ tó 100,000 kí ẹ tó gbé ibodè kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ibodè kalẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Owó tí wọ́n ń ná lórí ojú òpó àti ìméèlì, dọ́là ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ó rí i pé ìlọ́po mẹ́ta ló di kí ọdún méjì tó pé. Àwọn òǹkàwé kò sì lè gba ìlọ́po mẹ́ta lórí àsansílẹ̀.

Ewúro

Ẹ sì ń sá fún ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́? Àwọn ló lówó ìpolówó bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí.

Àkọsílẹ̀

A kò sá. Ẹ gba ìpolówó tó ní iye pàtó lóṣù. Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ gbà ni èyí tó ń san yín ní ìdá nínú ohun tí òǹkàwé bá pàdánù. Ọjọ́ tí àdánù òǹkàwé yín bá di èrè yín, kò ní pẹ́ tí àyẹ̀wò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yín yóò fi di ìwé ìtọ́sọ́nà tẹ́tẹ́. Ẹ má sì rò pé ọ̀nà tí kì í ṣe àsansílẹ̀ ló rọrùn. Sports Illustrated, ìwé ìròyìn eré ìdárayá Amẹ́ríkà tó lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó yá orúkọ náà lò kùnà láti san $3.75 mílíọ̀nù ní oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n fagi lé àdéhùn náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì gba ìwé ìdádúró. Oṣù kẹta ni ilé iṣẹ́ mìíràn, Minute Media, tó gbé e.

Kọ́ọ̀dù_Ni_Mo_Ń_Kọ

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ibi tí owó ti ń jò tí kò kan akọ̀ròyìn rárá.

Ìkíní, káàdì. Ẹni tó pinnu láti yọwọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí káàdì rẹ̀ kọ̀. Tí báńkì bá ní “owó kò tó”, ẹ tún gbìyànjú ní ọjọ́ kẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje, ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sí àárín ọjọ́ 25 sí 28 tí owó oṣù ń wọlé. Tí báńkì bá ní káàdì ti parí ọjọ́ rẹ̀ tàbí wọ́n ti dí i, ẹ má tún gbìyànjú mọ́, kò ní yí padà, ìyọnu lásán ni. Ẹ kọ̀wé sí ẹni náà pé kó mú òmíràn wá. Ọjọ́ ìparí káàdì wà lọ́wọ́ yín, ẹ rán an létí ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ọjọ́ méje tó pé.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló fẹ́ràn kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ tààrà láti báńkì ju káàdì lọ, ìfowóránṣẹ́ lásán kì í sì í tún ara rẹ̀ san lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ò lè gbé òwò oṣooṣù lé e lórí. Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì sáà: ₦15,000, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Paystack yóò yọ ₦225 (1.5%) àti ₦100 tí wọ́n ń fi kún un bí owó bá tó ₦2,500, ₦14,675 kù. ₦36 mílíọ̀nù ọdún kan pín fún ìyẹn, 2,454 tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn ṣọ́ra: owó tó wọlé ní oṣù kẹjọ, ẹ pín in sọ́nà méjìlá, kí ẹ má fọwọ́ kan ju ìdá kan lọ lóṣù. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì ṣe ni ẹ ti gbowó rẹ̀. Ojú òpó tó bá ná a tán ní Kérésìmesì, ọwọ́ òfo ló máa fi wọ oṣù kẹta.

Ìkẹta, ibodè fúnra rẹ̀. Mo máa ń rí ojú òpó tó fi gbogbo àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí fóònù òǹkàwé, tó wá fi aṣọ bò ó lójú. Ẹni tó bá pa JavaScript, kọ́ọ̀dù tó ń gbé aṣọ náà bò ó, á kà á tán. Ẹ̀rọ yín ni kó gé e kó tó rán an: ìpínrọ̀ méjì fún ẹni tí kò sanwó, ìyókù fún ẹni tó ti wọlé. Bí ẹ bá jẹ́ kí Google ka gbogbo rẹ̀, kó má bàa rò pé ẹ ń tan òun, ẹ kọ isAccessibleForFree sí false nínú àlàyé ojú ewé náà.

Ẹ má sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni torí pé fóònù rẹ̀ padà wá sí ojú ewé “ẹ ṣeun”. Ẹnikẹ́ni lè tẹ àdírẹ́sì ojú ewé yẹn. Ẹ dúró de ìfitónilétí tí Paystack ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yín tààrà, kí ẹ tún bi í léèrè pé ṣé owó náà pé. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń kà á: ₦2,400 á jẹ́ 240000. Ìfitónilétí kan lè dé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ máa fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà ṣe àyẹ̀wò kí ẹnì kan má bàa gba oṣù méjì lórí owó oṣù kan.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Àwọn tó wà ní London ńkọ́? Pọ́n-ùn lọ́wọ́ wọn.

Ìṣirò_Kì_í_Purọ́

Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi oṣooṣù tà á fún wọn. Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, Stripe, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Paystack, ń yọ 1.5% àti 20p lórí káàdì wọn. Lórí £3 lóṣù, 24.5p nìyẹn, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí £30 lọ́dún, 65p péré, kò ju ìdá méjì lé díẹ̀ lọ. Substack, ojú òpó tí wọ́n fi ń ta ìwé ìròyìn orí ìméèlì, tún ń gba 10% tirẹ̀ kí Stripe tó gba ti wọn, nǹkan bí $4 ló ń ṣẹ́kù nínú $5 oṣooṣù. Ohun tó tún kù ni pé ará London tó fẹ́ gbọ́ nípa Osimhen tàbí Lookman á rí i lọ́fẹ̀ẹ́ níbi gbogbo. Ọmọ Ìbàdàn tó ń wá Shooting Stars nìkan ni tiyín.

Adámásingbà76

Ó dáa. Ẹgbẹ́ méjì péré, akọ̀ròyìn mẹ́ta, olóòtú kan, kò sí ayàwòrán, fóònù ni wọ́n á máa lò. Mo gé ọkọ̀ sí ₦500,000, ohun àìròtẹ́lẹ̀ sí ₦100,000. ₦1,900,000 lóṣù ló kù. Ká gba ₦2,500 lóṣù, ká sì ta tíkẹ́ẹ̀tì sáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Kọ́ọ̀dù_Ni_Mo_Ń_Kọ

Ẹ fi sí ₦2,400, ẹ̀gbọ́n. ₦100 tí Paystack ń fi kún 1.5% yẹn, láti ₦2,500 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ₦2,500, ₦137.50 lọ, ₦2,362.50 dé. Ní ₦2,400, ₦36 lọ, ₦2,364 dé. Òǹkàwé san ₦100 dín, náírà kan àti ààbọ̀ sì wọlé sí yín lápò lé e. 1,900,000 pín fún 2,364: 804.

Oníbodè

804, pẹ̀lú 40 tuntun lóṣooṣù kó má bàa jò tán. Ẹ kọ 40 yẹn sára ògiri ọ́fíìsì, kì í ṣe 804.